Kí N Wá Bá Ẹ Gbé Ẹsẹ̀ Ni?

Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kí n wá bá ẹ gbé ẹsẹ̀ ni?"

Ohùn Mọ́mì ni, ṣùgbọ́n inú fóònù àwọn ọmọ ilé ìtẹ̀wé ìsàlẹ̀ ló ti jáde. Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín.

Géèmù tí Bọ̀dá Dàpọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ṣe ni. O máa gbé jagunjagun tìrẹ, iwin tí ẹ jọ ń jà á gbé tirẹ̀. Tí o bá ronú pẹ́ jù, Ayaba Ọ̀sà, ọ̀gá àwọn jagunjagun rẹ, á fi ohùn Mọ́mì bú ẹ. Èmi ni mo fi fóònù gba ohùn yẹn, láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, lọ́jọ́ tí Mọ́mì ń lé mi lọ pọn omi.

Àwọn tó ń gbá a ń kọ ọ́ sábẹ́ géèmù náà pé ṣe làwọn ń mọ̀ọ́mọ̀ jókòó kí Ayaba lè bú àwọn! Orí mi wú. Àmọ́ wọ́n ní èébú kan ò tó, àwọn fẹ́ òmíràn.

Bọ̀dá wá jẹ́wọ́ fún Mọ́mì, wọ́n sì tọrọ èébú tuntun. Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí, wọ́n tún gèlè wé, wọ́n sún mọ́ fóònù: "Ẹ̀yin ọmọ ogun wa ọ̀wọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bọ̀." Bí ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì!

"Mọ́mì, ẹ bínú díẹ̀ o," ni Bọ̀dá wí.

"Ta ló ṣẹ̀ mí?"

Bọ̀dá kàn bojú ni. Ó dùn mí fún wọn.

Àwọn abọ́ alẹ́ yìí ṣì wà nínú báàfù. Èmi ló kàn láti fọ̀ wọ́n. Mi ò ní fọ̀ wọ́n. Kí Mọ́mì tó wọ kíṣìnnì láàárọ̀ ọ̀la, fóònù mi á ti wà lẹ́yìn ìkòkò.