Oògùn Tí Àwa Méjèèjì Jọ Ń Lò

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àárò ilé. Ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ńkọ́? Ara Màmá wa ti yá, a sì ti tún òrùlé ṣe.

Oògùn ìfun tí àwa méjèèjì jọ ń lò ti dá ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ mi dúró. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ: ẹ̀rọ dúró, àyà mi ò dúró, ó ń lù kì-kì-kì. Dókítà ní oògùn náà ló ń da ọkàn mi láàmú, kí n má lò ó mọ́.

Tiyín ló wá ń kó mi láyà sókè. Ṣebí ẹ ní àyà ń dùn yín, pé àtẹ̀gùn tí ẹ ń gùn níbi iṣẹ́ ló fà á? Àtẹ̀gùn kọ́ o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú páálí oògùn náà lọ sí ọsíbítù kí ẹ tó tún lò ó. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n sunkún yín.

Àbúrò yín ni, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ò ní dún títí ẹ ó fi dáhùn.