Òrùka Inú Kéèkì

Olóòtú wa, mo kí yín láti Ọ̀yẹ́ níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ẹ̀dá-Oníyọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dé ilé wa nìyẹn. Mo ní kí n ṣe kéèkì, ohun tí mi ò ṣe rí. Ọwọ́ ni mo fi pò ó. Mi ò mọ̀ pé òrùka ìgbéyàwó mi ti bọ́ sínú rẹ̀. Ó tóbi jù fún mi, òwú dúdú ni mo wé mọ́ ọn kó lè dúró.

Ẹnu Màmá ló ti jáde. Wọ́n tẹjú mọ́ òwú yẹn títí, wọ́n dì í sínú áńkáṣíìfù, wọ́n ní àwọn ń lọ. Mo ń sọ pé òrùka mi ni, wọ́n ti ń wọ bàtà wọn.

Láti ọjọ́ náà, ọkọ mi ò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Màmá ti pe ìpàdé ẹbí sí Sátidé. Wọ́n ní kí n wá sọ ẹni tó fún mi ní oògùn tí mo fẹ́ fi de ọmọ wọn.

Olóòtú, ṣé kí n lọ? Ọkọ mi jókòó tì mí lọ́jọ́ tí mo ń wé òwú náà. Òun ló bá mi já a. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.