Ìwádìí Àwọn Àna Rẹ àti Iṣẹ́ Ìhanrun Tí Ò Ń Ṣe

Ilé Bàbá Ìjọ,
Ayégúnlẹ̀, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2011.

Gbóyèga, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìjókòó, dìde kí o kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí gbogbo wa ni a jí láàárọ̀ yìí, àti àwa tí a sùn ní yàrá àti ewúrẹ́ tó sùn sí ilé ìdáná láìgbàṣẹ. Eékún ìyá rẹ ṣì máa ń dùn ún bí òjò bá ṣú, ṣùgbọ́n ó ní kí n má kọ ọ́ sínú ìwé kí ọkàn rẹ má baà dàrú, nítorí náà mi ò kọ ọ́. Ọlọ́run tó dá ọ sí ní Bìní, tí kò jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ New Benin gbá ọ, kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Ojú kò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́. Ibi tí o bá fi ìka tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ, oore ni yóò máa ti ibẹ̀ jáde. Àmín.

Ohun tó mú mi kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà gùn, fóònù sì máa ń jẹ owó bí ènìyàn bá ń ronú lórí rẹ̀. Àwọn àna rẹ ti wá ṣe ìwádìí.

Sátidé tó kọjá ni wọ́n dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá Títílọpẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ ló wá, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé, akọ̀wé kọ́ọ̀tù tó ti fẹ̀yìn tì, òun àti ìyàwó rẹ̀ Tinúadé, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìdùnnú. Sùlè, awakọ̀ wọn, àgbàlagbà tí irun rẹ̀ ti ń funfun, ló wà wọ́n wá láti Bìní. Ìwọ náà mọ̀ pé ìdílé tó bá fẹ́ fi ọmọ fún ni kì í kọ́kọ́ wọlé, ìta ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á béèrè bóyá wárápá wà nínú ìdílé, bóyá olè wà níbẹ̀, bóyá a máa ń bá aládùúgbò jà, àti irú iṣẹ́ tí ọmọkùnrin náà ń ṣe. Lórí wárápá, olè àti ìjà, a yege. Orí iṣẹ́ rẹ ni ẹsẹ̀ wa ti yọ̀.

Kí n tó dé ibẹ̀, jẹ́ kí n sọ ipa tí èmi náà kó nínú ìpolówó iṣẹ́ rẹ. Nígbà tí o wá sílé ní ọdún Àjíǹde, o ṣàlàyé fún mi pé wẹ́ẹ̀bùsáìtì ni ò ń kọ́, àti pé ẹni tó bá ń kọ nípa gbogbo nǹkan kò ní rí ẹni dá a lóhùn, àfi kí ó mú ohun kékeré kan ṣoṣo kí ó sì di ọ̀gá lórí rẹ̀. Ó yé mi dáadáa. Ó dà bí ọkùnrin tí o fi hàn mí ní ọjà New Benin tó jẹ́ pé àgádágodo nìkan ló ń tà, kò ta ilẹ̀kùn, kò ta àpótí, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń bẹ̀rù olè ló mọ ibi tó jókòó sí. Ìwọ náà wo gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá sí ayé yìí, o sì mú ìhanrun. Mi ò bá ọ jà. O ní àwọn òyìnbó tó ń hanrun kò lóǹkà, àwọn ìyàwó wọn ló ń wá ìrànlọ́wọ́ kiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n bá sì ka ohun tí o kọ, tí wọ́n tẹ ìpolówó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn tó ni ìpolówó á fi dọ́là díẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. O tún ní kíkọ́ rẹ̀ kọ́ ló ṣòro, pé kí ayé mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ló ṣòro.

Gbólóhùn yẹn kò jẹ́ kí n sinmi. Bàbá wo ni yóò gbọ́ pé ìpolówó ló ń dí ọmọ òun lọ́wọ́, nígbà tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, bí mo ti ka ìkéde ìpàdé àwọn ìyá tán, mo sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ mi Gbóyèga ń ṣe iṣẹ́ ìhanrun ní Bìní, kí ẹni tó bá mọ̀ pé òun ń hanrun jáde síwájú wá gba àdírẹ́sì. Kò sí ẹni tó jáde. Ìyàwó olórí akọrin fi ìgúnpá gún ọkọ rẹ̀ títí, ọkùnrin náà ń wo àjà. Mo wá rí i pé kò sí oníhanrun ní Ayégúnlẹ̀, kí o yáa gbájú mọ́ àwọn òyìnbó rẹ.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn àna rẹ dúró lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkóríta, tí wọ́n bi í pé irú iṣẹ́ wo ni ọmọ Bàbá Ìjọ ń ṣe, ó ní ìhanrun ni. Wọ́n bi obìnrin tó ń ta epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà ní ìhanrun ni, wọ́n ti kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí wọ́n fi wọlé wá bá mi, ojú wọn ti yí padà díẹ̀. Mo rò pé ọ̀nà ló rẹ̀ wọ́n.

Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé ní kí n má bínú, kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí ọmọ mi ń ṣe jẹun. Ìwọ mọ̀ mí, mi ò lè purọ́, ká má tíì wá sọ níwájú àna. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí o ṣe sọ ọ́ fún mi. Mo ní ò ń gba owó lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tí o kò rí rí, tí àwọn náà kò sì rí ọ rí. Mo ní òru lo máa ń ṣiṣẹ́ jù, nítorí ìgbà yẹn ni ojú wọn máa ń là lọ́hùn-ún. Ó béèrè bóyá orúkọ tí a sọ ọ́ ni o fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní rárá o, Margaret ni o ń jẹ́ níbẹ̀, obìnrin òyìnbó kan tí ọkọ rẹ̀ ti ń hanrun láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, torí pé àwọn ìyàwó òyìnbó kò ní fọkàn tán Gbóyèga. Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e wọ̀, ó tún bọ́ ọ. Mo rò pé iṣẹ́ náà ń wù ú, mo bá fi kún un. Mo ní kì í ṣe sáìtì kan lo ní, méje ni, nítorí àwọn ọ̀gá íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń dé lójijì, bí wọ́n bá mú ọ̀kan, àwọn tó kù á máa bá iṣẹ́ lọ. Mo ní o máa ń bẹ àwọn tó ní sáìtì tiwọn pé kí wọ́n máa dárúkọ rẹ ní rere, kí àwọn ọ̀gá náà lè rò pé ènìyàn gidi ni ọ́. Mo ní ọdọọdún lo ń sanwó lórí orúkọ sáìtì kọ̀ọ̀kan, bí o kò bá san án, ẹlòmíràn á gbé orúkọ náà sá lọ. Mo ní èyí ya èmi gan-an lẹ́nu, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a fi oyin àti iyọ̀ sọ ọ́ ní Gbóyèga, kò sì sí ẹni tó tíì wá gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá kì í ṣe Yàhúù ni gbogbo èyí. Inú mi dùn pé ó mọ nǹkan nípa kọ̀ǹpútà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, láti ilé ẹ̀kọ́ poli lo ti wà ní Yàhúù, ibẹ̀ lo ti máa ń gba lẹ́tà, o tilẹ̀ ní kí èmi náà wá wọlé síbẹ̀, ojú mi ni kò ríran tó.

Ìyá rẹ jẹ́ kí ọmọrí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilé ìdáná. Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé dìde. Ó ní, “Bàbá, a dúpẹ́. Títílọpẹ́ ṣì kéré, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Ekiadolor ná.” Mo ní kò burú, ẹ̀kọ́ dára. Ìyá rẹ ló fà mí lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó là mí lójú pé wọn kò fún wa lọ́mọ mọ́ nìyẹn, àti pé àwọn tó ń lu òyìnbó ní jìbìtì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè ní Yàhúù ní Bìní. Gbóyèga, ilẹ̀ yí mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo sáré padà lọ tún un ṣe. Mo ní kò sí jìbìtì níbẹ̀ rárá, pé Margaret kò lè lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì torí kò sí láyé. Kò jọ pé ìyẹn ràn wá lọ́wọ́.

Òjò ló ràn wá lọ́wọ́. Wọn kò tíì dé ìdí mọ́tò tó fi dà sílẹ̀, odò kún bo afárá, Sùlè sì ní òun kò ní wa mọ́tò wọnú omi. Wọ́n padà wọlé tìlọ́ra-tìlọ́ra. Ìyá rẹ gún iyán, torí ó ní ẹni tó bá máa kọ̀ wá, kó kọ̀ wá lórí iyán. Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́, oorun kùn ún, a sì ní kó lọ na ẹ̀yìn ní yàrá àlejò.

Ọmọ mi, mo ti gbọ́ ẹ̀rọ tó ń la igi gẹdú ní Ọ̀wọ̀. Mo ti gbọ́ katakata. Mi ò gbọ́ irú èyí rí. Òjò ń rọ̀ lórí páànù, a kò gbọ́ òjò. Ewúrẹ́ dìde ní ilé ìdáná, ó jáde lọ sínú òjò. Mo wo Ìyá Ìdùnnú, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá rẹ sún mọ́ ọn, ó bi í bó ṣe máa ń rí nílé, ni obìnrin náà bá tú u síta pé yàrá ọ̀tọ̀ ni òun ń sùn láti ìgbà tí òun ti bí àbíkẹ́yìn, òun sì ń gbọ́ ọ níbẹ̀ náà. Wọ́n ti gbààwẹ̀ sí i. Wọ́n ti mu àgbo. Ó ní òun ti gbà pé ọ̀run ni òun yóò ti sùn.

Mo ní Ìyá Ìdùnnú, iṣẹ́ ọmọ mi lẹ dé yìí.

Mo ní kí Sùlè ṣí sáìtì rẹ lórí fóònù rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ wàhálà ọ̀gá òun, ìyá rẹ fi ẹran kan kún tirẹ̀, ó ṣí i. Ó gun àga lẹ́bàá fèrèsé níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa ń dé, ó ń ka òyìnbó náà, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ní Margaret sọ pé ẹni tó bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ ni ìhanrun máa ń bá jà jù, kí wọ́n rán bọ́ọ̀lù kékeré mọ́ ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ kó lè máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn. A kò ní bọ́ọ̀lù. Ìyá rẹ mú ọsàn tí kò tíì pọ́n, ó mú ọ̀já tí a fi pọ̀n ọ́ ní kékeré, àwọn obìnrin méjèèjì wọlé, wọ́n gbé ọkùnrin náà díẹ̀, wọ́n sì pọn ọsàn náà mọ́ ọn lẹ́yìn. Adájọ́ kọ́ ni tẹ́lẹ̀, akọ̀wé ni, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní ó wúwo tó adájọ́. Ó kùn, ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ilé dákẹ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òjò.

Ó sùn títí òjò fi dá. Nígbà tó jí, tó fọwọ́ kan ẹ̀yìn, tó bá ọsàn nínú ọ̀já, ó figbe ta. Ó ní òun ti mọ̀, pé kì í ṣe Yàhúù lásán, Yàhúù olóògùn ni, wọ́n ti fẹ́ fi òun ṣe owó. Ó ń pe Sùlè kó gbé mọ́tò. Ìyá Ìdùnnú kò dìde lórí àga. Ó ní, “Bàbá Ìdùnnú, ẹ jókòó. Èmi ni mo dì í mọ́ yín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé yín, òní ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró òjò nígbà tí ẹ̀ ń sùn. Ọmọ tó kọ nǹkan yẹn kì í ṣe olè.” Ọkùnrin náà jókòó. Ó bi gbogbo wa bóyá lóòótọ́ ni òun ń hanrun. Sùlè nìkan ló ní ohun tó ń jẹ́ kí òun máa yí rédíò mọ́tò sókè nìyẹn.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé fúnra rẹ̀ ní òun kò ní ohunkóhun lòdì sí ọ mọ́, kí Margaret ṣáà má dárúkọ òun fún àwọn òyìnbó. Ìyá Ìdùnnú ló ní òun kò tíì parí ìwádìí tòun. Ó ní ẹni tó mọ ìhanrun tó báyìí, ta ló kọ́ ọ? Ó wo ojú mi kòrókòró, ó béèrè bóyá ìwọ alára máa ń hanrun. Gbóyèga, kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo sọ fún un pé nígbà tí o wá ní ọdún Àjíǹde, ìyá rẹ rò pé wọ́n ti ra jẹnẹrétọ̀ sí ilé kejì, ó sì ń yọ̀ pé wọ́n á fa iná dé ọ̀dọ̀ wa. Obìnrin náà mi orí. Ó ní ohun tí ojú òun rí, ojú Títílọpẹ́ kò ní rí i.

Ibi tí a fẹnu kò sí nìyí. Ní ọ̀sán Sátidé tó ń bọ̀, Ìyá Ìdùnnú ń bọ̀ ní ilé rẹ ní Ugbor. Wàá jẹun, wàá wọ yàrá lọ sùn, òun á jókòó ní pálọ̀, á máa fetí sílẹ̀. Bó bá gbọ́ nǹkan kan, Títílọpẹ́ á máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Bí kò bá gbọ́ nǹkan, ká mú ọjọ́ ìdána. Mo ti bá ọ gbà á.

Nítorí náà, jókòó kí o ka gbogbo ohun tí o kọ sórí sáìtì yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, má kà á bí ẹni tó kọ ọ́, kà á bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ibi tí o bá kọ nítorí owó, tí o mọ̀ nínú ara rẹ pé kò sí òótọ́ níbẹ̀, fò ó. Má jẹ iyán lọ́jọ́ náà. Sọ fún Títílọpẹ́ kó gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí ó má wá sílé.

Kí o sì fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wa, nítorí èmi àti ìyá rẹ ń bọ̀. Ìyá rẹ ní òun á jókòó ti Ìyá Ìdùnnú ní pálọ̀, òun á sì máa bá a sọ̀rọ̀ sókè. Fi owó páànù mẹ́rin kún un, òjò ọjọ́ yẹn jò wọlé bá wa. Má fi orúkọ Margaret san án sí báńkì, wọ́n á ní kí obìnrin náà wá fọwọ́ sí i, a kò sì mọ ibi tí a ó ti mú un.

Ẹni tí ń pa Ísírẹ́lì mọ́, tí kì í tòògbé, tí kì í sì í sùn, yóò dúró tì ọ́ ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Yóò di ẹ̀gbẹ́ rẹ mú, ẹ̀yìn rẹ kò ní kan ilẹ̀. Yóò la ihò imú rẹ méjèèjì bó ti la Òkun Pupa, afẹ́fẹ́ á sì gba ibẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, láìsí ẹni tó gbọ́ ọ.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ nítorí imú rẹ,
Títíloyè.