Èjí Ìyá Moṣọpẹ́: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Magdalene Àmọ̀kẹ́ Oyèbánjí (1954–2025)

Ìlú Ìjẹ̀bú-Igbó ni a ti bí Màmá wa ní ọdún 1954, sínú ìdílé Ọ̀gbẹ́ni Josiah Ṣówándé, ayafọ́tò, àti Moṣọpẹ́ aya rẹ̀. Ọmọdé tí kò tíì mọ nǹkan ni Màmá nígbà tí ìyá wọn yìí, tí a ń pè ní Ìyá Moṣọpẹ́, fi ayé sílẹ̀. Àwòrán kan ṣoṣo ló kù, níbi tí ìyá náà ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, tí èjí rẹ̀ hàn. Inú àwòrán yẹn ni Màmá ti mọ ìyá wọn.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní 1979, wọ́n fẹ́ Olóògbé Ọláṣẹ́gun Oyèbánjí, àwọn méjèèjì sì dé Dagenham, ní London, ní 1987. Ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ ni Màmá ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n sọ àkọ́bí wọn ní Wúrà, torí pé ìyá ni wúrà, bàbá ni dígí.

Ní 2009, wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà ní Becontree Heath. Láti ìgbà náà, ọwọ́ wọn ni gbogbo àwòrán ìwé ètò ìjọ wa ní Castle Green wà. Ọdún 2011 ni wọ́n fẹ́ fi àwòrán Ìyá Moṣọpẹ́ sínú ìwé ètò ìrántí. Òjò ti ba àwòrán orí bébà jẹ́ nígbà tí wọ́n ń kó lọ sílé mìíràn; ẹ̀dà inú kọ̀ǹpútà nìkan ló kù. Màmá dín in kù kó lè gba àyè tó wà, wọ́n sì ṣèèṣì fi èyí tó kéré pamọ́ lé ojúlówó lórí. Nígbà tí wọ́n tún fẹ̀ ẹ́, ojú Ìyá Moṣọpẹ́ ti di onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́, èjí ò sí mọ́. Omi dànù, agbè náà sì fọ́. Màmá sunkún bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Látọjọ́ náà ni wọ́n ti di agbófinró lórí àwòrán. Wọ́n á ní: Ẹ ṣe ẹ̀dà kí ẹ tó fọwọ́ kan ojúlówó. Ẹ dín in kù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má tún èyí tí ẹ ti dín dín. Kí gígùn àti fífẹ̀ jọ kéré pọ̀, kí orí ọmọ èèyàn má baà dà bíi tẹja. Wòlíì wa pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ wọn: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má send picture tí gbogbo family ti forward sí mi. Ẹ lọ bá ẹni tó snap ẹ̀, kó send ẹ̀ bíi document, kó má baà blur!”

Ṣùgbọ́n àlá kan kì í fi wọ́n sílẹ̀. Ìyá Moṣọpẹ́ a dúró lókèèrè nínú ìkùukùu, lápá òpópónà Heathway, yóò kéré bí ọmọ ìka. Bí Màmá bá ṣe ń sún mọ́ ọn ni ojú rẹ̀ á máa fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń ba Màmá: pé bí àwọn bá dé ọ̀run, àwọn kò ní dá ìyá àwọn mọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kejì 2025, Màmá pe Wúrà sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. “Wúrà, màámi wá. Ojú ẹ̀ clear gan-an. Mo rí èjí ẹ̀.” Kí oòrùn tó kúrò lójú wíńdò, wọ́n ti sùn.

Wọ́n fi Wúrà, Kúnmi àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọmọ-ọmọ sáyé lọ. Wúrà ló ṣe àwòrán Màmá tó wà lójú ìwé yìí. Ó ṣe ẹ̀dà, ó dín in kù lẹ́ẹ̀kan. Ojúlówó wà nílé lódindi. Ẹ wo ẹnu Màmá dáadáa, ẹ̀yin èèyàn wa. Èjí Ìyá Moṣọpẹ́ kò sọnù rí.

Àmọ̀kẹ́ wa, ẹ sùn wọra. Ẹni tí ẹ ń wá ti dá yín mọ̀.