Máṣíìnì Tó Ń Tiro Nínú Àwo Orin Yín

Ọmọbìnrin mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún ọ kí. Mo kí Onígíláàsì ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń kọrin, mo sì kí ẹni tó bá ń bá ọ ka lẹ́tà yìí bí ìkọ̀wé mi bá ṣòroó kà, torí orí tábìlì máṣíìnì ni mo ti ń kọ ọ́, tábìlì ọ̀hún kò sì tẹ́jú. Òwú ayé rẹ kò ní já, abẹ́rẹ́ rẹ kò ní ṣẹ́ sínú aṣọ olówó. Àwa náà wà níbí, ara le, ẹnu ń jẹ. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun ń bínú, ṣùgbọ́n kí n má tíì sọ ohun tó fà á títí lẹ́tà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ọ̀rọ̀ àwo yẹn ni kí n kọ́kọ́ yanjú. Nígbà tí o ránṣẹ́ pé ìwọ àti Onígíláàsì ń ṣe àwo, kí lo fẹ́ kó yé wa? Lójú tèmi, àwo ni àwo. Mo ní háà, gbogbo ìwé tí ọmọ yìí kà, iléeṣẹ́ abọ́ ló parí sí, ṣùgbọ́n mo gbé e mì, mo ní iṣẹ́ tó mọ́ ṣáà ni. Ìyá rẹ ní kí n béèrè bóyá tánganran ni àbí onírin, ìwọ fèsì pé àwo yín ń jáde lóṣù tó ń bọ̀, pé orin mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́wàá nínú àwo kan! Ìyá rẹ ní á jẹ́ pé àwo náà jinnú nìyẹn. Kí àbúrò mi tó ń tún rédíò ṣe tó là wá lọ́yẹ̀ pé àwo orin ni, ìyá rẹ ti palẹ̀ pẹpẹ mọ́ dè é, obìnrin mẹ́jọ ládùúgbò sì ti ní kó bá àwọn mú lára rẹ̀. Ó ní òun kò lè kó ọ̀rọ̀ òun jẹ lójú wọn.

O tún ní inú yàrá kan tí kò ní fèrèsé lẹ wà fún oṣù mẹ́rin, tí wọ́n fi fóòmù bo gbogbo ògiri rẹ̀. Ọ̀rọ̀ fóòmù yẹn bà mí lẹ́rù. Mo bi àbúrò mi pé ṣé àwọn tó ń kọrin níbẹ̀ máa ń forí gbá ògiri ni. Ó ní rárá o, wọ́n fi í síbẹ̀ kí ohùn má baà jáde ni. Mo ní bí ohùn ò bá ní í jáde, ta ló wá fẹ́ gbọ́ orin náà? Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀yin méjì péré ni, kò sí onílù, kò sí onígìtá, o ní kíbọ́ọ̀dù Onígíláàsì ló ń ṣe gbogbo wọn, pé ó lè ṣe bíi fèrè, ó lè ṣe bí òjò, ó lè ṣe bí ogún èèyàn tó ń pàtẹ́wọ́. Mo ní ó dára, ẹnu tí ẹ máa bọ́ kéré. Ó tiẹ̀ yé èmi télọ̀: ẹnì kan ń gé, ẹnì kan ń rán. Nígbà tí o sì kọ̀wé pé ẹ tú orin kẹta ká nígbà mọ́kàndínlógún kó tó wọ̀ yín lójú, orí mi wú. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ mi nìyẹn, torí èmi náà ti tú ọrùn ẹ̀wù agbẹjọ́rò kan nígbà méje rí, tí ọkùnrin náà dúró tì mí nínú síńgílẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ tí àwo náà jáde, iwájú ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi la gbé àga sí lọ́sàn-án gangan. Ó ní orin náà wà nínú ìkùukùu, pé òun fẹ́ fà á sọ̀ kalẹ̀. Mo gbójú sókè, ìkùukùu ṣú lóòótọ́, mo ní kó tètè ṣe é kí òjò tó dé. Bó ṣe fà á sọ̀ kalẹ̀ tán tó so fóònù mọ́ sípíkà ńlá rẹ̀, ohùn rẹ jáde. Ọmọ mi! Ara mi bù máṣọ. Ìyá rẹ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bi gbogbo ẹni tó ń kọjá bóyá wọ́n mọ ẹni tó ni ohùn yẹn. Orin kìíní, dáadáa. Ìkejì, dáadáa. Ìkẹta tí ẹ tú ká nígbà mọ́kàndínlógún, ó wọ̀ rẹ́gí bíi ṣòkòtò ọkọ ìyàwó. Ó wá kan orin kẹrin.

Gàgà, gàgà, gàgà, gàgà, gàgà, gàgà, tẹ̀ẹ́. Mo dìde dúró. Ó tún ṣe é: mẹ́fà tó gún, ìkeje, tẹ̀ẹ́. Máṣíìnì mi ni! Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé nígbà tí o wá kí wa lọ́dún tó kọjá, o gbé fóònù rẹ sábẹ́ tábìlì mi, o ní kí n máa ránṣọ mi lọ, kí n má wobẹ̀. Mo rò pé iná lò ń gbà sí i. Mi ò mọ̀ pé ohùn lò ń gbà.

Inú mi ìbá dùn, àmọ́ tẹ̀ẹ́ yẹn kò jẹ́. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ó pẹ́ tí máṣíìnì mi ti ń wọ́sẹ̀, ẹ̀yin ọmọ sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé ogbó ló dé sí i. Kó wá wọ́sẹ̀ wọnú àwo orin ọmọ mi, níwájú gbogbo ayé! Ojú tì mí. Lọ́jọ́ kẹta, àbúrò mi mú ìwé ìròyìn kan wá, ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń kọ̀wé nípa orin ti sọ̀rọ̀ nípa tiyín. Ó ní ohùn rẹ dára, ó ní kíbọ́ọ̀dù dára, ó ní àwo náà mọ́ tónítóní bíi yàrá ọsibítù, àfi orin kẹrin nìkan, tí onílù ibẹ̀ ń tiro. Ń tiro! Mi ò jẹ́ kí àbúrò mi ka ìyókù.

Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́ta sí ọ̀gbẹ́ni náà. Mo ní ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ọmọ mi lẹ́bi, kò ní onílù kankan, èmi bàbá rẹ̀ tí mo jẹ́ télọ̀ ni mo ni máṣíìnì tó ń tiro. Mo ní lọ́sẹ̀ yìí ni mo máa tún un ṣe, kí wọ́n ní sùúrù di ọjọ́ Ajé, kí wọ́n wá tún orin kẹrin gbọ́, wọ́n á rí i pé ó ti gún. Mo ní bí wọ́n bá ní ṣòkòtò tó ti fún wọn nídìí, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Bí mo ṣe sọ ni mo ṣe, àfi pé wíwá bẹ́líìtì tuntun gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àbúrò mi tú máṣíìnì palẹ̀, ó pààrọ̀ bẹ́líìtì, ó pààrọ̀ gbogbo ohun tó ti jẹ nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fi òróró sí gbogbo oríkèé. Ìyá rẹ ti fi bẹ́líìtì àtijọ́ so ilẹ̀kùn ilé adìyẹ. Mi ò tíì tẹ máṣíìnì náà wò rárá tí lẹ́tà rẹ fi wọlé.

O ní ọ̀gbẹ́ni náà tẹ gbogbo lẹ́tà mi sínú ìwé ìròyìn láìyọ ọ̀rọ̀ kan. O ní yíyìn ló ń yìn wá, pé ìtiro yẹn lòun fi mọ̀ pé ẹlẹ́ran ara wà nínú àwo náà. O ní orin kẹrin làwọn èèyàn ń béèrè jù báyìí, pé ẹsẹ̀ títiro ni wọ́n fi ń jó o. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí lẹ máa kọ ọ́ ní gbọ̀ngàn ńlá, tíkẹ́ẹ̀tì ti tán, ẹ sì ti kọ ọ́ sára pósítà pé máṣíìnì náà fúnra rẹ̀ ń bọ̀. Onígíláàsì gbìyànjú fọ́jọ́ mẹ́ta kí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tiro bẹ́ẹ̀, kò lè ṣe é, kíbọ́ọ̀dù mọ ìṣirò jù. O wá ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan máṣíìnì yẹn, ọkọ̀ ń bọ̀ wá gbé e. Àbúrò mi ló ń kà á. Òróró ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní mo ti ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo jókòó sídìí máṣíìnì, mo ki aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Gàgà, gàgà, gàgà, gàgà, gàgà, gàgà, tẹ̀ẹ́. Àbúrò mi ní kò ṣeé ṣe. Ó nà gbalaja sílẹ̀, ó ń yọjú sábẹ́ rẹ̀, ó ní gbogbo ohun tó lè mú un tiro lòun ti yọ dànù. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀ẹ́. Ìyá rẹ tó ń ká aṣọ lórí bẹ́ǹṣì kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní ẹsẹ̀ mi ni. Ó ní ọdún mẹ́tàdínlógún rèé tóun ti ń gbọ́ ọ, pé ohùn yẹn lòun fi ń mọ ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá ń dùn mí. Ó ní kí n dìde, ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́ láti etí aṣọ kan dé èkejì. Kò tiro lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọmọ mi, irọ́ ni mo ń pa fún ọ. Láti ọjọ́ ìdánwò rẹ ni, tí mo fi kẹ̀kẹ́ gbé ọ lọ nínú òjò, tí a yọ̀ sínú gọ́tà. Mo na ẹsẹ̀ mi sáàárín ìwọ àti kọnkéré, ẹrọ̀fọ̀ kankan ò kan yúnífọ́ọ̀mù rẹ, o wọlé lákòókò, o sì yege. Gbogbo ìgbà tí o bá béèrè, mo máa ń ní ẹsẹ̀ ti san, máṣíìnì ló ń darúgbó. Kò san. Bí òtútù bá mú, ó máa ń dùn mí wọnú egungun. Mi ò sọ ọ́ nítorí mo mọ̀ ọ́, wàá máa rò pé ìwọ lo fà á. Ìwọ kọ́. Èmi ni mo fẹ́ kí o débẹ̀, o débẹ̀, inú mi sì ń dùn sí i títí dòní olónìí.

Nítorí náà, má fòyà rárá nípa ọjọ́ Sátidé. Má rán ọkọ̀ wá gbé máṣíìnì, máṣíìnì ò mọ nǹkan kan. Wá èyíkéyìí tó bá wà nílùú ńlá yẹn, kó ṣáà ti jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, kí o wá fi owó ọkọ̀ tèmi ránṣẹ́, àti ti ìyá rẹ, torí ó ní bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún mi, mi ò ní mọ ìgbà tó yẹ kí n dúró. Sọ fún Onígíláàsì kó má so wáyà kankan mọ́ orúnkún mi. Kó fi ìwọ̀n ọrùn àti apá rẹ̀ ránṣẹ́, torí èmi kì í tẹ máṣíìnì lófìfo, kí orin tó parí, ẹ̀wù rẹ̀ á ti ku bọ́tìnnì nìkan. Ó wá kan ìbínú ìyá rẹ: ó ní pẹpẹ òun ṣì ṣófo. Bí àwo orin náà bá ní èyí tó rí rìbìtì tí ọwọ́ lè gbé, kó o tọ́jú mẹ́sàn-án dè é, ọ̀kan ti pẹpẹ, mẹ́jọ tàwọn tí kò jẹ́ kó sinmi.

Ọlọ́run á jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ wọ aráyé lára. Ohùn rẹ kò ní há. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ kò ní yọ̀, bó bá sì yọ̀, o ò ní ṣaláìrí ẹni tó máa na ẹsẹ̀ tirẹ̀ sáàárín.

Èmi ni bàbá rẹ, télọ̀,
onílù orin kẹrin.