Bọ́ọ̀sì Bàbá Rẹ Lọ sí Abẹ́òkúta Láìsí Awakọ̀

Saidat Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó, ṣé ara le, ṣé àwọn ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí o ríjà ìlú ńlá. Dáadáa ni gbogbo wa wà ní Ọ̀fàdà, àfi orúnkún bàbá rẹ tó ń dùn ún bí òjò bá ti ṣú, ṣùgbọ́n kò tíì dí i lọ́wọ́ oúnjẹ. Lẹ́tà ni mo kọ, n kò pè ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ yìí gùn, owó orí fóònù á sì tán kí n tó dé ibi tó dùn.

Ẹrù tí o fi ránṣẹ́ ti dé! Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí bọ́ọ̀sì bàbá rẹ ti kú sí ẹ̀yìnkùlé, ìrẹsì wa kò rí ọkọ̀ gbé e lọ sí Abẹ́òkúta mọ́, adìẹ ti ń yé ẹyin sórí ìjókòó awakọ̀, bàbá rẹ náà sì ti dákẹ́ sí wa nínú ilé. Kamaldeen mẹkáníìkì ní Òwu, Abẹ́òkúta, ní òun lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n òun kò lè ru ṣọ́ọ̀bù òun wá sí Ọ̀fàdà. Mọ́ṣúdù àbúrò bàbá rẹ fẹ́ fi okùn so ó mọ́ jíìpù rẹ̀, ìwọ lo kọ̀, o ní okùn á já.

Nígbà tí a tú ẹrù náà, gbogbo àdúgbò ló pé lé wa lórí. A rí irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó yà gàga, bàbá rẹ ní ohun tí wọ́n fi ń kọ ebè ni. A rí ṣéènì méjì, mo ní o ṣeun, o rántí àgbò Iléyá. A rí wáyà gígùn tó ní iná pupa méjì, àti àpótí dúdú kan tó ní ẹsẹ̀ irin kan ṣoṣo, a kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, a sì gbé e jókòó sórí àga ní pálọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí píìnì kékeré kan tó ká kò, tó ń dán yinrin, mo ní ọmọ mi kò gbàgbé mi, mo fi há híjáàbù mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó yẹ mí gan-an.

Mọ́ṣúdù ló ka ìwé tí o kọ fún wa. Ó ní irin náà kì í kọ ebè, a kò sì gbọdọ̀ fi ṣéènì náà so àgbò. Wẹ́dà jó irin pẹlẹbẹ kan mọ́ abẹ́ imú bọ́ọ̀sì, wọ́n so irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì mọ́ ọn, wọ́n fi orí rẹ̀ kọ́ ìdí jíìpù, wọ́n fi ṣéènì há a lọ́tùn-ún lósì, wọ́n na wáyà iná dé ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, wọ́n yọ jíà sí fírì. Àpótí dúdú, ìdí bíréèkì ni wọ́n gbé e sí, nítorí bí Mọ́ṣúdù bá tẹ bíréèkì tirẹ̀ níwájú, àpótí náà á na ẹsẹ̀ tẹ ti bọ́ọ̀sì. Mo bi í pé ta ni yóò wá wà á, ó ní o kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀. Ni bàbá rẹ bá kí àpótí náà kú iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni Mọ́ṣúdù kò rí, ó ní ohun tó ń há irin ìdí jíìpù kó má baà yọ. Gbogbo wa wá a, èmi gan-an kúnlẹ̀ wo abẹ́ àga. Nígbà tó sú u, ó fi okùn ọ̀rá dì í.

Saidat, ìbá jẹ́ pé o wà níbẹ̀! Ẹ̀yìn ni mo kọjú sí nínú jíìpù ní gbogbo ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì ń tẹ̀ lé wa, bí a bá yà, á yà, kò sì sí ẹ̀dá Ọlọ́run kan nínú rẹ̀! Obìnrin kan tó ń sá láfún létí ọ̀nà pariwo pé ọkọ̀ ń dá rìn, ó sá wọ inú igbó. Ọlọ́kadà kan sáré bá wa láti sọ fún wa pé iná ẹ̀yìn rẹ̀ ń tàn, kò sì rí ẹni tó ń tàn án. Ọlọ́pàá kan dá wa dúró, ó ní kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì mú láísẹ́ńsì wá. Bàbá rẹ ní àpótí ni awakọ̀. Ọlọ́pàá náà lọ yọjú lójú fèrèsé, ó wò ó pẹ́, ó ní kí a máa lọ.

Ibi tí a ti ń sọ̀kalẹ̀ òkè kan ni mo ti gbọ́ gbàà. Okùn ọ̀rá ti já, irin ti yọ, bọ́ọ̀sì yí imú sí apá ibi tí àwọn ọmọ iléèwé ń tò bọ̀. Mo pariwo pe Ọlọ́run. Ṣéènì méjèèjì nà gbọnran, wọ́n dì í mú, Mọ́ṣúdù tẹ bíréèkì, àpótí dúdú náà tẹ tirẹ̀ tí gbogbo ara bọ́ọ̀sì fi gbọ̀n, ó sì dúró. Àwọn ọmọ náà pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé eré la wá ṣe fún wọn. Mọ́ṣúdù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo irin náà, mo dúró tì í, mo ń ṣàdúrà, ló bá gbójú sókè wò mí, ó tún wò mí, ó wá ní Ìyá Saidat, níbo lẹ ti rí ohun tó wà lórí yín yẹn. Mo ní ọmọ mi ló rà á fún mi ní Èkó. Bàbá rẹ ló fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́ kúrò lórí mi, Mọ́ṣúdù fi há irin náà. Ojú tì mí débi pé mo fọwọ́ bo ojú títí a fi wọ ìlú, híjáàbù mi sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àwọn ọmọ yẹn kò kúrò lójú mi, Saidat. Ìwọ tó fi ṣéènì ránṣẹ́, o ṣe ìyá rẹ lóore.

Ṣùgbọ́n a dé Abẹ́òkúta! Ní Òwu, àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ dúró wò wá bí ẹni ń wo ọba. Kamaldeen fi ọjọ́ mẹ́ta tú ẹ́ńjìnì palẹ̀, ó tún un tò. Lánàá ó ní kí bàbá rẹ wọlé fọwọ́ ara rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Bọ́ọ̀sì wúkọ́, ó dákẹ́, ó tún wúkọ́, ó wá bú ramúramù!

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, má bínú. Kamaldeen kọ nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́wàá kan fún mi, ó ní ibẹ̀ ni kí a fi owó iṣẹ́ òun sí. Mo pe nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, obìnrin kan ló ń fi òyìnbó dáhùn, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán. Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé yìí, ìwọ tó gbọ́ èdè rẹ̀, bá wa fún un lówó náà kó bá wa fi jíṣẹ́. Fi díẹ̀ kún un fún epo, nítorí ìrẹsì ti ń dúró.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ iwájú rẹ, á ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á yẹ ọ́, ẹni tí yóò mọ iyì rẹ lo máa bá pàdé, ojú wa á sì rí i láyọ̀. Àmín.

Bàbá rẹ jókòó tì mí, ó ń kí ọ. Ó ní kí n má kọ ọ́ sínú ìwé pé òun gbé orí lé sítíárìn sunkún nígbà tí ẹ́ńjìnì dáhùn, nítorí náà n kò kọ ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àlímátù.