Orin Fúrídọ̀mù Létí Omi

                                        Lẹ́bàá Ọ̀nà Òkèhò,
                                        Ìsẹ́yìn,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        19 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Ìyá Ramlah mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ṣé gbogbo ará Ṣakí wà dáadáa? Ramlah ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Bàbá Ramlah náà ńkọ́, ṣé wọ́n ti wa iṣu wọn tán? Ara èmi le, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mi ò tíì sùn dáadáa. Ẹ ti ní tí mo bá tún fi Òyìnbó kọ̀wé bíi ti ìgbà tí mo wà ní Ìlú Ọba, ẹ ò ní dá mi lóhùn, nítorí náà ẹ bá mi fara da èyí.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan tó mumi yó wá sí ilé ìwòsàn wa. Samsudeen lorúkọ rẹ̀, ọmọ ogún ọdún ni. Ọjọ́ yẹn gan-an ló gba fúrídọ̀mù lọ́wọ́ Ọ̀gá Kàdírì tó kọ́ ọ ní òfì híhun. Lẹ́yìn àdúrà, tẹbí tọ̀rẹ́ kó ara wọn lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan tó ní omi ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí: wọ́n á da páúdà àti omi lé ẹni tó gba fúrídọ̀mù lórí, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Kàdírì sọ fún dókítà pé ẹsẹ̀ Samsudeen ló yọ̀, pé kò pẹ́ nínú omi rárá. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó máa fi di àárọ̀ Sọ́ńdè, Samsudeen ti jókòó, ó ti mu ẹ̀kọ. Ìyá rẹ̀ ti di ẹrù wọn, wọ́n ní ilé àwọn ní Òkaka làwọn ń mú un lọ. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ tó mu ẹ̀kọ tán tó tún ń bèèrè àkàrà, kí ló kù tó ń ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì yín?" Mo rẹ́rìn-ín. Dókítà náà ti fẹ́ẹ́ gbà. Àmọ́ nígbà tí mo ń bá Samsudeen pààrọ̀ aṣọ, mo rí àpá ìka lọ́rùn rẹ̀, mẹ́rin lápá kan, ọ̀kan lápá kejì. Mo bi í. Ó kọjú sógiri. "Mo yọ̀ ni, àǹtí."

Òtẹ́ẹ̀lì yẹn ò jìnnà. Mo gun ọ̀kadà lọ bá Peter, ẹni tó ń ṣọ́ omi, tó fa Samsudeen jáde. Kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ náà ni. Nígbà tó yá, ó ní Ṣùkúrù, ọmọ Ọ̀gá Kàdírì, ló ki Samsudeen lọ́rùn mọ́lẹ̀ sínú omi. Àwọn méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, àmọ́ bàbá Ṣùkúrù ní iṣẹ́ tiẹ̀ ò tíì dán tó ẹni tó ń gba fúrídọ̀mù. Àtàárọ̀ ló ti ń bínú. Gbogbo èrò rò pé eré ni. Bí Samsudeen ṣe ń fẹsẹ̀ ja omi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń kọrin. Peter gan-an ń bá wọn gbè é. Ìgbà tí ẹsẹ̀ yẹn ò mira mọ́ ló tó bẹ́ sómi. Ó tẹ̀ ẹ́ láyà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu títí ó fi pọ omi.

Mo bi í pé ó tó ìṣẹ́jú mélòó. Kò mọ̀. Ó ní wọ́n kọ orin náà tán lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kó kọ ọ́ fún mi kí n wo aago. Ó wò mí bíi wèrè. Ó wá ń kọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ojú ń tì í. Kó tó parí ẹlẹ́ẹ̀kejì, omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀, àmọ́ mo ní kó parí ẹ̀. Ó lé ní ìṣẹ́jú méjì.

Mo padà lọ sọ fún dókítà. Ó fa igi lé ohun tó kọ tẹ́lẹ̀, ó kọ ọ́ pé ṣe ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ rì, ó sì ní Samsudeen ò tíì ní í lọ síbì kankan. Ìyá rẹ̀ bínú sí mi gidi. Ọ̀gá Kàdírì ní èmi ọmọ Ìlú Ọba fẹ́ fi ọlọ́pàá tú ilé àwọn. Ká tó gbọ́ ìrun Àìlà, mímí Samsudeen yí padà. Ó ń mí bí ẹni tó sáré wá láti Òkèhò, ètè rẹ̀ dúdú bí aró. Ìjàǹbá tí omi ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró kì í fìgbà gbogbo tètè hàn. Ká ní inú ọkọ̀ Òkaka ló wà ni, ibẹ̀ ni ì bá kú sí. A fi ọ́síjìn sí i nímú. Sílíńdà kan tán, a pààrọ̀ rẹ̀, èkejì náà tán. Àárọ̀ òní ni dókítà tó yọ ọ́, ó sì ń dá mí fúnra rẹ̀.

Lọ́sàn-án yìí, ìyá rẹ̀ wá bá mi níbi tí mo ti ń fọwọ́. Mo rò pé wọ́n wá bá mi jà ni. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé kò yọ̀. Wọ́n ní, "Èmi ni mo dá orin yẹn, nọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, èmi náà ni mo ní kí wọ́n tún un kọ." Wọ́n ní kí n bá àwọn dé àgọ́ ọlọ́pàá lọ́la, káwọn lè fẹnu ara wọn sọ ọ́ níbẹ̀. Mo fa àga fún wọn, a jọ jókòó ti Samsudeen, à ń wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè, tó ń wá sílẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bàbá Ramlah àti gbogbo ojúlé. Ẹ gbé Ramlah mọ́ra fún mi.

Èmi ni àbúrò yín tí oorun fẹ́ẹ́ gbé lọ,
Sodiqat